Àwọn Òǹdè Tí Ń Tọ́ Ọmọ Ajá

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ìjọ ní Efire, ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́

Nígbà tí a kéde ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá pé èmi yóò sọ̀rọ̀ nípa ajá àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n, mo gbọ́ tí àwọn kan rẹ́rìn-ín ní ìjókòó ẹ̀yìn. Èmi kò bínú sí wọn. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti ẹnu mi jáde nínú ilé Ọlọ́run, èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fi etí sílẹ̀ fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́, ó sì kàn wá ní Efire yìí ju bí ẹ ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Kò sí ẹni tí ó wà níhìn-ín tí kò tíì rí afọ́jú tí ọmọdé ń fà lọ́pàá. Bàbá tàbí ìyá a di ìdí ọ̀pá mú, ọmọ a di orí rẹ̀ mú, wọn a sì máa lọ láti ibùdókọ̀ dé ọjà, láti ọjà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Àwa a sọ owó sínú àwo, a ó sì kọjá lọ. Afọ́jú ni a máa ń wò. A kì í wo ọmọ náà. Ọmọ ọdún 7 tàbí 8 ni nígbà púpọ̀. Nígbà tí agogo ilé-ìwé bá lù, ọ̀pá ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé kò sí níbẹ̀. Ojú méjì tí Ọlọ́run fún un, ó ti yá ẹlòmíràn lò, kò sì sí ẹni tí ó bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dàgbà tí ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, a ó wá òmíràn tí ó kéré sí i. Báyìí ni àìríran ẹnìkan ṣe ń di àìmọ̀wé ẹni méjì tàbí mẹ́ta.

Ogun ńlá àkọ́kọ́, èyí tí a jà láti 1914 dé 1918, ni ó mú kí àwọn ará Jámánì wá ọ̀nà mìíràn. Ogun náà fọ́ ojú àwọn ọmọ ogun lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó yẹ kí wọ́n ṣì ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún. Dókítà kan tí a ń pè ní Gerhard Stalling dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Oldenburg ní 1916, níbi tí a gbé ń kọ́ ajá láti ṣe amọ̀nà fún wọn. Lẹ́yìn èyí, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Dorothy Harrison Eustis, tí ó ń tọ́ ajá ní orí òkè kan ní Switzerland, lọ wo irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì kọ̀wé nípa ohun tí ó rí sínú ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1927. A ka ọ̀rọ̀ náà sí etí ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan ní ìlú Nashville, Morris Frank ni orúkọ rẹ̀. Ó kọ̀wé sí obìnrin náà, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ bá a, a sì fún un ní abo ajá kan. Kiss ni orúkọ tí ajá náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, èyíinì ni ìfẹnukonu. Ọkùnrin náà wí pé òun kò lè máa pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba ìgboro, ó sì sọ ọ́ ní Buddy, tí í ṣe ọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí New York ní 1928, àwọn akọ̀ròyìn pe é níjà pé kí ó kọjá títì ńlá kan tí àwọn tí ó ríran pàápàá ń bẹ̀rù. Ó di ìjánu tí ó wà ní ẹ̀yìn ajá náà mú, ó sì kọjá sí òdìkejì láìfarapa. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1929 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní The Seeing Eye sílẹ̀ ní Nashville. Ní 1931, ajá amọ̀nà mẹ́rin àkọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ wọn ní Wallasey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má ṣe rò pé ajá bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀nà ọjà tàbí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Afọ́jú ni ó mọ ibi tí òun ń lọ. Òun ni ó ń wí fún ajá pé ọ̀tún, pé òsì, pé iwájú. Ajá kò sì lè ka iná tí ń dá ọkọ̀ dúró ní oríta. Ọkùnrin náà ni yóò dúró, tí yóò fi etí gbọ́ bí ọkọ̀ ti ń lọ bí ọkọ̀ ti ń bọ̀, tí yóò sì pàṣẹ nígbà tí ó bá rò pé ọ̀nà mọ́. Iṣẹ́ ti ajá ni láti yẹ kòtò sílẹ̀, láti dúró ní etí àtẹ̀gùn kí olúwa rẹ̀ má baà ṣubú, láti má ṣe jẹ́ kí ẹ̀ka igi tí ó rọ̀ sílẹ̀ gbá a níwájú orí, bí ẹ̀ka náà kò tilẹ̀ lè kan ajá fúnra rẹ̀. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé a ń kọ́ ọ ní àìgbọràn. Bí olúwa rẹ̀ bá wí pé kí ó máa lọ, tí mọ́tò sì ń bọ̀, kò gbọdọ̀ lọ. Yóò dúró gbọn-in, bí a ti wù kí a pàṣẹ fún un tó. Àwọn baba wa a máa wí pé ajá tí ó rí mọ́tò tí ó dúró, ara rẹ̀ ni ó fi bọ Ògún. Èmi rò pé bí wọ́n bá rí ajá yìí, wọn ìbá wá òwe mìíràn kún un.

Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí ajá. Àwọn ọdẹ wa a so ṣaworo mọ́ ọ lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí ó gbà nínú igbó, ẹ sì mọ̀ pé ajá tí yóò sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn mìíràn a sọ ajá wọn ní orúkọ tí ó fara jọ òwe, kí wọ́n lè máa fi bá aládùúgbò wí: wọn a pe ajá ní Tanímọ̀la ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì kàn ní òdìkejì ọgbà a mọ̀ pé òun ni a ń kí. Ní ìhà Oǹdó, a mọ ohun tí wọ́n ń fi ajá ṣe, n kò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí àwọn àna wa tí ó wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí, ìta ni ajá ń gbé. Oúnjẹ àjẹkù ni tirẹ̀, ìpá àti òkò sì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bóyá èyí ni kò jẹ́ kí a mọ ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ sínú rẹ̀. Mo máa ń rántí pé nínú ìtàn Lásárù tí Olúwa wa sọ, ajá nìkan ni ó súnmọ́ tálákà náà ní ẹnu ọ̀nà ọlọ́rọ̀. Àti nínú ìwé Tóbítì, èyí tí àwa ìjọ Áńgílíkà ń kà fún ẹ̀kọ́ ìwà, ajá kan bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí ìrìn àjò, ó sì bá a bọ̀.

Nísinsin yìí mo ń bọ̀ wá sí kókó ọ̀rọ̀ mi. Irú ajá yìí kò lè ti ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ènìyàn gbé fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mọ ohùn ènìyàn, kí ó má ṣe bẹ̀rù ariwo, kí ó mọ ibi tí a ń yàgbẹ́ àti ibi tí a kì í yà á. Ìdílé ni ó máa ń gba ọmọ ajá sílé láti ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n baba a lọ sí ibi iṣẹ́, ìyá a lọ, ọmọ a lọ sí ilé-ìwé, ọmọ ajá a sì kù ní òun nìkan. Ta ni ó wà ní ayé tí kì í lọ sí ibìkan, tí ọjọ́ rẹ̀ gùn, tí kò sì sí ẹni tí ń retí rẹ̀ níbòmíràn? Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

Obìnrin kan tí ojú tirẹ̀ ti rí màbo ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Pauline Quinn ni a mọ̀ ọ́n sí, ó sì di arábìnrin ti ẹgbẹ́ Dominican nínú ìjọ Kátólíìkì. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ó sá kúrò nílé, a gbé e láti ilé ìtọ́jú kan dé òmíràn, ó sì di ẹni tí kò ní ibùgbé. Ìyà tí ó jẹ kò jẹ́ kí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn kankan. Ajá kan ni ó tún mú un bọ̀ sípò: nígbà tí ó ń bá ajá náà rìn, àwọn ènìyàn kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ mọ́, òun náà sì lè gbé orí sókè. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé bí ajá bá lè ṣe èyí fún òun, kí ni yóò ṣe fún àwọn tí a tì mọ́lé? Ní 1981, òun àti Dókítà Leo Bustad, tí í ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin tí ó wà ní Gig Harbor. Àwọn ajá tí a ti kọ̀ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́, ni wọ́n kó wọ inú ọgbà náà. Àwọn obìnrin tí ayé ti kọ̀ ni ó sì ń kọ́ wọn fún ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìlera. Àwa àti ìjọ Pápà kì í fi ohùn kan sọ gbogbo nǹkan, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ní 2020 pé obìnrin yìí ti sùn, mo dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà mi láìbèèrè ìjọ tí ó ń lọ.

Lẹ́yìn tirẹ̀ ni Gloria Gilbert Stoga, ní New York, dá ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Puppies Behind Bars sílẹ̀ ní 1997. Bedford Hills ni ó kọ́kọ́ lọ, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin tí ìṣọ́ rẹ̀ le jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Kì í ṣe àwọn tí ó jí ewúrẹ́ ni ó wà níbẹ̀. Àwọn tí ó pa ènìyàn wà nínú wọn, àti àwọn tí a dá ẹ̀wọ̀n ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọmọ ajá márùn-ún wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí, nítorí níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi. Ọmọ ajá a máa wọlé ní ọmọ ọ̀sẹ̀ 8, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lẹ́nu ọmú. Inú yàrá òǹdè gan-an ni a ń gbé ilé rẹ̀ kékeré kalẹ̀ sí, ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ní òru àkọ́kọ́ yóò sunkún ìyá rẹ̀. Kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra dé òwúrọ̀, nítorí náà ẹni tí ń tọ́ ọ gbọ́dọ̀ jí, bí òjò ń rọ̀ bí òtútù ń mú. Yóò jẹ bàtà, yóò fa aṣọ ya. Ẹni tí ó ní ìbínú tí ó gbé e dé ẹ̀wọ̀n, ìgbà yìí ni yóò rí i bóyá ìbínú náà ṣì wà. Bí ó bá na ọmọ ajá, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá pariwo mọ́ ọn, ajá náà yóò bẹ̀rù ohùn ènìyàn, kò sì ní wúlò fún afọ́jú mọ́ láéláé. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ ni pé kí a ṣọ́ ọ títí yóò fi ṣe ohun rere, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí a sì yìn ín ní wéréwéré kí ó tó gbàgbé ohun tí ó ṣe. Ẹ rò ó wò: obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò yìn rí láti ìgbà tí a ti bí i ni ó ń kọ́ bí a ti ń yin ẹ̀dá mìíràn ní ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ọjọ́ kan.

Iṣẹ́ náà ní ìwé nínú. Àwọn òǹdè a máa jókòó sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọn a kàwé nípa ajá, wọn a ṣe ìdánwò, wọn a kọ àkọsílẹ̀ nípa bí ajá ti ń ṣe. Àwọn ohun kan sì wà tí kò sí nínú ẹ̀wọ̀n tí ajá gbọ́dọ̀ mọ̀: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lójú títì, ọmọdé tí ń sáré, ọjà tí ó kún. Nítorí èyí, àwọn ènìyàn ìta tí ó yọ̀ǹda ara wọn a máa wá mú ajá lọ sí ìgboro fún ọjọ́ kan tàbí méjì, wọn a sì dá a padà. Ajá ń jáde, ó ń wọlé. Ẹni tí ó tọ́ ọ kò jáde.

Fún àwọn afọ́jú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ní New York, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ajá tí yóò máa gbóòórùn àdó olóró. Láti 2006 wá ni wọ́n ti ń tọ́ ajá fún àwọn sójà tí ó ti ogun Írákì àti Afganístánì bọ̀ pẹ̀lú ara tí ó gé tàbí ọkàn tí ó fọ́. Irú ajá bẹ́ẹ̀ a máa he ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀, a máa fi imú tan iná, a máa fa ilẹ̀kùn ṣí. Bí sójà bá ń kígbe lójú oorun nítorí pé ogun náà tún ń jà nínú àlá rẹ̀, ajá a jí i. Kí ajá tó lè ṣe gbogbo èyí, ó ń gbé bí ọdún méjì lọ́wọ́ òǹdè.

Lẹ́yìn ọdún méjì náà, a ó gbà á. Èyí ni apá tí n kò lè kà láì dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá ajá sùn, tí ó bá a jí, tí ó mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò fi okùn ọrùn rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, yóò sì padà sí yàrá tí ó ṣófo. Nígbà mìíràn, ẹni tí a fẹ́ fún ní ajá a máa wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n wá, òǹdè a sì kọ́ ọ bí a ti ń bá ajá náà sọ̀rọ̀. Ẹ fi ojú inú wò ó: ọmọ ogun tí orílẹ̀-èdè ń bọlá fún, ó jókòó, ó ń gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu ẹni tí orílẹ̀-èdè kan náà tì mọ́lé. Kì í sì í ṣe gbogbo ajá ni ó ń yege. Èyí tí ẹ̀rù ń bà jù, tàbí tí ara rẹ̀ kò le, a ó fi ṣe iṣẹ́ mìíràn, tàbí kí a fún ìdílé kan. Nígbà náà ni òǹdè yóò kọ́ pé iṣẹ́ rere lè má yọrí sí ibi tí a fẹ́, kí ó má sì jẹ́ ìtìjú fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan ti wà ní ọkàn àwọn kan nínú yín, ó sì jẹ́ ìbéèrè òdodo. Ẹni tí ó pa ọmọ ọlọ́mọ, ṣé ó yẹ kí ó máa bá ajá ṣeré? Ìyá ẹni tí a pa, kí ni yóò wí bí ó bá gbọ́? N kò ní ìdáhùn tí yóò nu omijé ìyá náà nù, èmi kì yóò sì ṣe bí ẹni pé mo ní in. Ohun tí mo rí ni pé wọn kò dín ọjọ́ ẹ̀wọ̀n kù nítorí ajá. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó fún ogún ọdún tí kò tọ́jú ohunkóhun, tí kò sì sí ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e, irú ènìyàn wo ni yóò jáde sí àárín wa ní ọjọ́ tí ogún ọdún náà bá pé? Nítorí púpọ̀ nínú wọn ni yóò jáde. Ìgbà láéláé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà. Nígbà tí Elizabeth Fry kọ́kọ́ wọ ẹ̀wọ̀n Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1813, àwọn ènìyàn wí pé ó ń fi àánú ṣòfò. Jósẹ́fù pàápàá, nígbà tí ó wà nínú túbú ní Íjíbítì, onítúbú fi àkóso àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù lé e lọ́wọ́. A máa ń wàásù nípa Jósẹ́fù. Onítúbú yìí ni a kì í wàásù nípa rẹ̀, ọkùnrin tí ó ní kọ́kọ́rọ́ tí ó sì gbójú láti fi nǹkan lé òǹdè lọ́wọ́.

Ṣé a lè ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín? Èmi kò ní í tàn yín. Àwọn ọ̀nà wa kò tíì ṣe fún ajá amọ̀nà. Kòtò àgbàrá tí kò ní ìdérí wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀kadà ń gba ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà, ajá tí kò ní olówó ń rìn káàkiri, àrùn dìgbòlugi sì wà. Àwọn aládùúgbò wa tí í ṣe Mùsùlùmí ní ohun tí ìsìn wọn wí nípa itọ́ ajá, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Nípa ẹ̀wọ̀n, ó ju ìdajì lọ àwọn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá. Wọ́n kàn ń dúró de ọjọ́ tí adájọ́ yóò pè wọ́n ni. Ibi tí ènìyàn kò ti rí àyè nà ẹsẹ̀, níbo ni a ó gbé ilé ajá sí? Ní 2019 òfin yí orúkọ iṣẹ́ náà padà, pé kí a má ṣe pè é ní iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n mọ́, iṣẹ́ àtúnṣe ìwà ni kí a máa pè é. Orúkọ náà dára. Yunifásítì tí a ń pè ní National Open ti ń kọ́ àwọn òǹdè kan, ní Kirikiri àti níbòmíràn, èyí náà sì dára púpọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 kan náà ni a fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláìlera léèwọ̀. Ilé-ìwé àwọn afọ́jú ti wà ní Sùúrùlérè, Pacelli ni à ń pè é, láti 1962. Ọmọ afọ́jú tí ó lọ síbẹ̀ a máa kàwé pẹ̀lú ìka ọwọ́ rẹ̀, a sì máa fi ọ̀pá funfun wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáradára, tí ó ń fi í pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó wá rí mi lẹ́yìn ìpàdé yìí. Kí ẹni tí ó bá sì ń lo ọmọ ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá wá pẹ̀lú. A ó jọ wá ọ̀nà tí ọmọ náà yóò fi wọ ilé-ìwé.

Nítorí náà ajá kọ́ ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti sọ nípa ara mi, n kò sì tíì sọ ọ́ ní gbangba rí.

Nígbà tí mo jẹ́ òjíṣẹ́ kékeré ní ibùdó kan tí n kò ní í dárúkọ, ọkùnrin kan wà nínú ìjọ náà tí ó kó owó ẹgbẹ́ jẹ. Ó jẹ́wọ́, a sì fi í sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Kí ó tó lọ, òun ni ó máa ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó padà wá, ó jókòó ní ìjókòó tí ó kẹ́yìn pátápátá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó wá bá mi ní ilé. Kò bèèrè owó, kò bèèrè ipò. Ó bèèrè bóyá òun lè tún máa lu agogo. Inú ilé agogo kò sí owó. Okùn nìkan ni ó wà níbẹ̀, àti agogo. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé agogo àti kọ́kọ́rọ́ yàrá ìmúra wà lórí òrùka kan náà. Mo rò ó, mo sì rí ojú àwọn àgbà ìjọ ní ọkàn mi, mo wá wí fún un pé, "Ẹ ní sùúrù ná, Bàbá, ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀." Ó ní, "Ó dára, Alàgbà." Ó wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́. Wọ́n ní Èkó ni ó lọ. Ènìyàn lè ra òrùka kọ́kọ́rọ́ mìíràn ní owó tí kò tó nǹkan. Kò wá sí mi lọ́kàn.

Nítorí náà, nígbà tí mo kà pé àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kì í ṣe àlùfáà, tí wọn kò sì búra ohunkóhun nípa àánú, gbà kí a fi ẹ̀dá alààyè tí a ná owó púpọ̀ lé lórí, tí afọ́jú kan ń retí, sí ọwọ́ apànìyàn, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì ní òru, mo pa ìwé náà dé. Agogo ni mo ń gbọ́.

Ẹ̀yin mọ ìwé kékeré tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì nítorí Ónẹ́símù. Ẹ tún un kà ní ilé lálẹ́ òní, kò ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ kíyèsí i pé Pọ́ọ̀lù kò dúró ní ibi pé kí a dárí jì í. Ó wí pé kí a gbà á bí ẹni pé òun fúnra òun ni ó dé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé bí gbèsè bá wà, òun ni yóò san án. Òǹdè ni Pọ́ọ̀lù nígbà tí ó kọ ìwé náà.

Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí fún oṣù yìí. Ọmọ ìjọ wa kan yóò jáde kúrò ní ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀. Púpọ̀ nínú yín mọ ẹni tí í ṣe, ẹ sì mọ ohun tí ó ṣe, nítorí ó ṣe é sí àwọn kan tí ó jókòó níhìn-ín. Mo ti bá àwọn tí ó ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀kan wí pé òun ti gbà. Èkejì wí pé òun kò tíì lè ṣe é, mo sì bọ̀wọ̀ fún èyí náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu. Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì tún un kọ́ níbi tí ó wà. Àwọn ìjókòó wa mẹ́fà ní ìhà àríwá ti ṣẹ́ láti ìgbà ìkórè èṣí. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti jókòó lé e lórí ní ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le kí ó tó rọ̀. Wọ́n gbà pé òun ni yóò tún wọn ṣe, pé a ó san owó rẹ̀ fún un bí a ti ń san án fún káfíńtà mìíràn, àti pé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, nítorí òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó máa ń fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ọkọ̀ ọ̀sán ni yóò bá dé. Èmi yóò wà ní ibùdókọ̀ láti agogo méjìlá. Bàbá Ìjọ ti wí pé òun yóò bá mi lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ní òun yóò se oúnjẹ. Àyè ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa dúró.